Ọdún Méje Tí Mo Fi Wọn Ìbọn fún Obìnrin

Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, tí mo kọ́kọ́ wọ ilé iṣẹ́ Bàbá Akínmúrelé ní ìlú Oǹdó gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́. Aago náà kò lè kúrò lọ́kàn mi, nítorí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí bàbá náà bá mi sọ lọ́jọ́ náà ni pé, "Aago mẹ́jọ la ń ṣílẹ̀kùn. Lọ dúró níta." Mo lọ dúró níta. Mo rò ó pé bóyá ó ti kórìíra mi. Mo rò ó pé bóyá kí n wọ ọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́. Nígbà tí aago mẹ́jọ lù, ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Káàárọ̀ o, Gírádúéètì," bí ẹni pé a kò tíì ríra rárá.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ló sábà ń kọ irú ìtàn yìí, kí àwọn ọmọdé tó ń wá iṣẹ́ lè rí nǹkan kọ́ níbẹ̀. Ọmọbìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n péré ni mí. Ṣùgbọ́n ọdún méje tí mo lò nídìí iṣẹ́ yìí ni gbogbo iṣẹ́ ayé mi títí di òní, ó sì lè parí kí oṣù yìí tó parí. Ọ̀gá mi ti fẹ̀yìntì. Lẹ́tà iṣẹ́ ìjọba kan wà lórí tábìlì bàbá mi nílé wa ní Ijapo, ní Àkúrẹ́, orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ń retí èsì. Tí mo bá gbà á, n kò mọ ẹni tí yóò máa wọn ìbọn fún àwọn obìnrin mọ́. Tí n kò bá gbà á, n kò mọ bí màá ṣe wo ojú bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè bá mi dá sí i.

Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì ní Àkúrẹ́. Lẹ́yìn tí mo sin ilẹ̀ baba mi tán, mo jókòó sílé fún ọdún méjì. Mo ń kọ lẹ́tà, wọn kò fèsì. Mo máa ń jí láàárọ̀ pẹ̀lú ìtìjú, bí ẹni tó jí nǹkan kó, bẹ́ẹ̀ n kò jí nǹkan kankan. Bàbá mi, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìjọba, ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan tí bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ìwé rẹ̀ pé. Igi ìdí ìbọn náà là, ó gbé e lọ sí Oǹdó, ó sì mú mi dání lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ gbà á. Mo wá ojú ibi tí wọ́n ti lẹ igi tuntun mọ́ ti àtijọ́, n kò rí i. Mo fi èékánná wá a, n kò rí i. Mo bi bàbá arúgbó tó jókòó síbẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe mọ ibi tí ẹ ó ti gé e?"

Ó wò mí. "Ṣé o fẹ́ mọ̀ ni, àbí o kàn fẹ́ béèrè?"

Mo ní mo fẹ́ mọ̀. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Ní ti owó, kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó dé. Ẹ jẹ́ ká fi mọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ wa ni kí a máa tún ìbọn ọdẹ ṣe, kí a sì máa tà á fún ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́: ọdẹ, olóko kòkó, ẹni tí ọ̀yà àti ọ̀bọ kò jẹ́ kó sinmi. Ọdún kìn-ín-ní, sáńdípépà ni mo fi ń ha igi. Mo ha igi apá títí eruku rẹ̀ fi di àwọ̀ mi. Ọ̀gá á wá, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan igi náà, á ní, "Kò tíì sùn." Màá tún ha á. N kò mọ ohun tó túmọ̀ sí pé kí igi sùn, ẹ̀rù sì ń bà mí láti bi í. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí ọwọ́ mi tó sọ fún mi pé igi tó sùn ni èyí tí ọwọ́ ń kọjá lórí rẹ̀ láìkọ́ nǹkan kan.

Òfin kan wà tó le ju gbogbo òfin lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá na ìbọn sí ọ, kí o ṣí i, kí o wo inú rẹ̀, kí o fi ìka kan ibẹ̀. Ì báà jẹ́ pé ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i lójú rẹ, ṣí i. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá ṣí ìbọn kan lójú mi, ó pa á dé, ó nà án sí mi. Mo gbà á, mo ní, "Ó ṣófo, sà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo rí i nígbà tí ẹ ṣí i, sà."

"Ojú tèmi lo fi rí i. Ojú tìrẹ ńkọ́?"

Ó ní kí n lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níta títí a ó fi tilẹ̀kùn. Mo jókòó láti aago mẹ́wàá àárọ̀ di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Àwọn oníbàárà ń kọjá, wọ́n ń kí mi kú ìjókòó. Mo sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà mo bínú, lẹ́yìn náà ojú tì mí pé mo bínú. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò gbọ́ ti ilé, òde ni yóò ti kọ́gbọ́n. Òde gan-an ni mo ti kọ́ tèmi. Láti ọjọ́ náà, n kò lè gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn kí n má ṣí i wò. Ìyá mi gbé abọ́ oúnjẹ ọlọ́mọrí fún mi nílé, mo ṣí i, mo yọjú wò ó dáadáa. Ó ní, "Fúnmiláyọ̀, ṣé o rò pé ọta ni mo kó sínú ẹ̀bà ni?"

Nígbà tó di ọdún kejì, Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi bí a ṣe ń wọn ìbọn mọ́ ènìyàn. Ẹni tó fẹ́ ra ìbọn á ká apá rẹ̀ kò, a ó gbé ìdí ìbọn sí ibi tí ìgbọ̀nwọ́ ti ká, a ó sì wò bóyá ìka rẹ̀ dé irin tí a ń fà kí ìbọn tó ró. Tí ìka kò bá dé e, ìdí ìbọn ti gùn jù. Ọ̀pọ̀ ìbọn tó ń wọ ilẹ̀ yìí, ọkùnrin gíga ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ẹni kékeré tó bá gbé e á na ọrùn bí ìjàpá kó tó ríran, ìdí ìbọn náà á sì yẹ̀ kúrò ní èjìká lọ sí orí apá. Ó dà bí ìgbà tí a gbé agbádá baálé wọ ìyàwó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n obìnrin kì í wá sí ilé iṣẹ́ wa fúnra rẹ̀. Ọ̀gá kì í pè wọ́n, àwọn náà kì í wá. Ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn ọkùnrin ló ń wá dípò wọn. Ọkùnrin náà á dúró ti férémù ilẹ̀kùn, á gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀, á ní, "Ibí yìí ló ga dé lára mi." Ọ̀gá á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbẹ̀, á sì ti ara ìlà náà ṣírò gígùn apá obìnrin tí kò rí rí. Ojú ilẹ̀kùn wa kún fún ìlà ṣọ́ọ̀kì bí ògiri kíláàsì. Mo bi í pé kí ló dé tí a kò pe obìnrin náà. Ó ní, "Kò bójú mu kí ọkùnrin bíi tèmi máa wọn apá ìyàwó oníyàwó." Lójú mi, ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí ni. Ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí lóòótọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́ kí a tó mọ ohun tó ń bàjẹ́ níbẹ̀.

Ọdún kẹta ni àbúrò Màmá Bọ̀sẹ̀ wá. Màmá Bọ̀sẹ̀ jẹ́ opó, ó ń gbé ní Ìjù, ó ní oko àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá igbó. Ọ̀bọ ń jẹ oko náà run. Ó ti gba ìwé àṣẹ ní orúkọ ara rẹ̀, ìbọn ló kù. Àbúrò rẹ̀ dúró ti ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ àyà.

Ọ̀gá ní, "Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ni àbí ọmọ rẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, bàbá. Ẹ má wo ti kíkéré. Ẹnu rẹ̀ ga jù mí lọ."

A rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá nawọ́ mú ìbọn ẹlẹ́nu kan tó fúyẹ́ jù lọ nínú ilé. "Obìnrin kékeré, ìbọn fífúyẹ́. Ó parí." Ó ní kí n gé ìdí rẹ̀ kúrò ní ìwọ̀n ìka méjì.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fún yín níbí. Mo mọ̀ pé ohun tí ó sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọta bá jáde lọ síwájú, ìbọn á padà sẹ́yìn, bí ìbọn náà bá sì ṣe fúyẹ́ tó ni yóò ṣe yára padà tó. Ọta kan náà tó kàn máa rọra ti ìbọn wíwúwo sẹ́yìn, á gbá ìbọn fífúyẹ́ lu ẹni tó dì í mú. Mo ti dáhùn ìbéèrè yẹn nínú ìdánwò ní ọdún kìn-ín-ní, mo gba máàkì tó dára. Mo dúró síbẹ̀, ayùn wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń rò ó pé: ta ni mí? Bàbá yìí ti ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi. Tí mo bá sọ ọ́, á ní mo gbé ìwé wá síbi tí ènìyàn ti ń lo ọwọ́. Mo gbé ayùn, mo gé e. Ó mọ́ tónítóní. Inú mi tilẹ̀ dùn sí bó ṣe mọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án, àbúrò náà padà wá. Kò kí wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ọsibítù."

Màmá Bọ̀sẹ̀ ti rí agbo ọ̀bọ nínú àgbàdo, ó gbé ìbọn, ó yìn ín. Ìbọn náà yẹ̀ kúrò ní èjìká rẹ̀, ó gbé e ṣubú sẹ́yìn lórí kùkùté. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ òsì kán.

"Àwọn ọ̀bọ náà ńkọ́?" Ọ̀gá béèrè. Mo rò pé kò mọ ohun mìíràn tí ì bá béèrè ni.

"Wọn ò tilẹ̀ sá jìnnà, bàbá. Wọ́n gorí igi, wọ́n dúró wò ó ni."

Nígbà tó lọ tán, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, mo mọ̀." Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, bí ọta ṣe ń lọ síwájú tí ìbọn ń padà sẹ́yìn. Ó gbọ́ mi dópin. Ó gbé ìbọn kan tó wúwo sí ọwọ́ kan, ọ̀kan tó fúyẹ́ sí ọwọ́ kejì, ó dì wọ́n mú báyìí fún ìgbà pípẹ́.

"O mọ èyí, o sì gé e."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, sà."

"Ẹ̀rù ta?"

"Ẹ̀rù yín, sà."

Ó gbé àwọn ìbọn náà sílẹ̀. Ó ní, "Láti òní lọ, ìgbà tí o bá dákẹ́ ni kí o máa bẹ̀rù mi."

Mo rò pé á lé mi lọ, kò lé mi. Ó ní kí n kọ́ òun ní físíìsì. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí kò sí oníbàárà, màá fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán sórí pákó, òun á máa bi mí ní ìbéèrè tí àwọn olùkọ́ mi kò bi mí rí.

A gba ìbọn náà padà lọ́wọ́ Màmá Bọ̀sẹ̀, a sì fún un ní òmíràn tí ara rẹ̀ wúwo díẹ̀, tí ọta rẹ̀ sì kéré díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ san. Lẹ́yìn oṣù kan àbúrò rẹ̀ tún dé. "Kò gbé e ṣubú mọ́ o. Ṣùgbọ́n ó ní èjìká ń dùn òun." Ọ̀gá gé rọ́bà láti ara táyà, ó kàn án mọ́ ìdí ìbọn. Oṣù mìíràn: "Ó ní èjìká ṣì ni o." A ra rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n ṣe fún ìdí ìbọn gan-an, a fi rọ́pò ti táyà, ó nípọn. "Ó ní ó tún burú sí i." Màmá Bọ̀sẹ̀ wá ránṣẹ́ pé tí kò bá sí àtúnṣe, òun á fi oko náà sílẹ̀ fún ọ̀bọ, torí òun kò lè máa sunkún kí òun tó yìnbọn, kí òun sì tún sunkún lẹ́yìn tí òun bá yìn ín tán.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mo rántí pé mo gbọ́dọ̀ bẹ̀rù tí mo bá dákẹ́, mo bá sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n lọ rí obìnrin náà."

"Kí lo fẹ́ rí tí àbúrò rẹ̀ kò rí?"

"N kò mọ̀, sà. Òun gan-an ni mo fẹ́ rí."

Ó ké hùn, ó ní, "Lọ."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo wọ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìjù. Mo bá Màmá Bọ̀sẹ̀ níbi tó ti ń ya àgbàdo ní ẹ̀yìnkùlé. Ó kéré lóòótọ́, orí rẹ̀ kò ju èjìká mi lọ, èmi náà kò sì ga. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìwọ ni bàbá alátùn-ún-ṣe rán sí mi?"

"Èmi ni, Màmá."

"Mo ti rò pé ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ló ń gé igi yẹn. Ìwọ lo gbé mi ṣubú?"

Mo ní, "Èmi ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Mo fẹ́ máa ṣàlàyé bí ọkàn mi ṣe rí láti oṣù yẹn, ó ní kí n jókòó, kí n jẹ àgbàdo, àlàyé kì í kún inú.

Lẹ́yìn tí mo jẹ tán, mo gba ìbọn rẹ̀, mo ṣí i, mo wò ó, mo fi ìka kan inú rẹ̀. Ó ṣófo. Mo ní kó gbé e bí ẹni fẹ́ yìn ín. Ìka dé irin, ọrùn kò nà, ojú ríran dáadáa. Kò sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó.

"Níbo gan-an ló ń dùn yín, Màmá?"

"Èjìká ni."

"Ẹ fi ọwọ́ kàn án fún mi."

Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀nà. Kò sí ẹnikẹ́ni, àwa méjèèjì nìkan ni. Ó tú ìró rẹ̀ díẹ̀, ó fa ọrùn bùbá sílẹ̀. Èjìká rẹ̀ mọ́ kedere. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní òkè ọmú ọ̀tún, ojú ibẹ̀ ti dúdú, ó sì ti pọ́n ní ẹ̀gbẹ́, ó tó fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ mi. Ibi tí ẹnu ìsàlẹ̀ ìdí ìbọn ń gún nìyẹn. Gbogbo rọ́bà tí a ń fi kún un kàn ń tì í wọlé sí i ni.

"Màmá! Èjìká lẹ sọ fún wa!"

"Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n pe àbúrò mi, ọmọ tí mo pọ̀n, kí n ní kó lọ sọ fún bàbá àgbà ní Oǹdó pé ọmú ń dun ẹ̀gbọ́n òun? Tí ọkùnrin bá béèrè, èjìká ni. Ìwọ náà kò mọ̀ pé èjìká la máa ń sọ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi lẹ́ẹ̀kan náà, n kò lè sọ fún yín èyí tó jẹ́ ti ìrora àti èyí tó jẹ́ ti ayọ̀. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n ń to rọ́bà lé èjìká mi bí ẹni ń to ẹní lé bẹ́ẹ̀dì."

Lọ́jọ́ Ajé, ó kù kí n sọ ọ́ fún Ọ̀gá. Mo rìn yí máńgòrò ká nígbà mẹ́ta. Nígbà tí mo wọlé, mo sọ pé "ẹ̀gbẹ́ àyà." Ó ní kò yé òun. Mo sọ pé "ìsàlẹ̀ èjìká, níwájú." Ó ní kò yé òun. Mo wo ilẹ̀, mo ní, "Ọmú ni, sà. Ẹnu ìsàlẹ̀ ìdí ìbọn ló ń gún un."

Ó mú ìbọn kan, ó ṣí i, ó wò ó, ó pa á dé, ó gbé e sí èjìká ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì kan ẹnu ìsàlẹ̀ náà níbi tó ti kan àyà rẹ̀ pẹrẹsẹ.

"Gbogbo wọn?" ló béèrè.

"N kò mọ̀, sà. N kò tíì bi wọ́n."

"Ọdún mọ́kànlélógójì," ó ní. "Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ń tọ́jú èjìká tí kò ṣàìsàn."

Ó gbé fáìlì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bí a ó ṣe gé ìdí ìbọn ní dídàgẹ̀rẹ̀, kí ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè fà síwájú kúrò lára àyà, kó sì yà díẹ̀ sí ìta, lọ sí ọ̀dọ̀ abíyá, kí òkè rẹ̀ nìkan gbé gbogbo ìwọ̀n náà lé ibi tí eegun èjìká ti le. A yọ rọ́bà tó nípọn, a fi tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, a sì lọ sí Ìjù, Ọ̀gá pẹ̀lú mi. Màmá Bọ̀sẹ̀ wọ aṣọ oko rẹ̀ gan-an, ẹ̀wù òtútù ọkọ rẹ̀ tó ti kú, nítorí mo ti kọ́ pé aṣọ tó nípọn náà ń mú kí ìdí ìbọn gùn sí i. A gbé agolo ọ̀dà kan sórí kùkùté, lẹ́yìn rẹ̀ òkìtì ilẹ̀ gíga ni. Ó yìn ín. Agolo fò. Ó dúró gbọn-in. Ọ̀gá ń wo ilẹ̀, kò lè wo ojú rẹ̀.

"Báwo ni, Màmá?" mo béèrè.

Ó nawọ́ sí mi. "Fún mi ní ọta kan sí i."

Tí àwọn obìnrin tó ń ka èyí bá fẹ́ ra ìbọn, ohun tí mo mọ̀ nìyí. Ẹ gba ìwé àṣẹ. Ẹ má rán ọkùnrin, ẹ lọ fúnra yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tó fúyẹ́ jù fún yín. Ẹ mú èyí tí ẹ lè gbé dúró fún ìgbà tí ẹ ó fi ka oókan dé ọgbọ̀n láìgbọ̀n. Ẹ wọ aṣọ tí ẹ fi ń lọ oko. Tí ó bá sì ń dùn yín, ẹ sọ ibi tó ń dùn yín gan-an, ẹni tó mọ iṣẹ́ kò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ yí padà lọ́wọ́ wa. Obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ọ̀kan ń sọ fún èkejì. Ọ̀gá kan aṣọ ìkélé sí ẹ̀yìn ilé iṣẹ́, èmi ni mò ń bá wọn jókòó níbẹ̀. A ra ẹ̀rọ oníná tó ń ha igi, ohun tó ń gba ọwọ́ mi ní ọjọ́ mẹ́ta di ọ̀sán kan. Mo ń fi fóònù ya fídíò ẹni tó gbé ìbọn òfìfo, a ó mú un lọ díẹ̀díẹ̀, a ó rí ibi tí ara ti ń sá. Ọ̀gá tó máa ń ní fóònù ń ba ọmọ jẹ́, òun ló wá ń pariwo pé, "Gírádúéètì, tún un gbé wá, mi ò rí i dáadáa!" Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà: ní gbogbo agbègbè yìí, n kò mọ ẹni tó lè wọn ìbọn mọ́ obìnrin kékeré jù mí lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Nínú ìwé tí òfin ní kí a máa kọ orúkọ ẹni tó ra ìbọn sí, obìnrin mọ́kànlá wà níbẹ̀ tí a ti gé ìbọn fún ṣáájú Màmá Bọ̀sẹ̀, gbogbo wọn láti ara ìlà ṣọ́ọ̀kì. Mo rọ Ọ̀gá pé kí a lọ bá wọn. Kò gbà, ó ní ẹni tí nǹkan bá ń dùn á wá. Mo mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ ló ń rò, n kò sì dá a lẹ́bi. Nígbà tí ojú rẹ̀ di bàìbàì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó pè mí, ó na ìwé náà sí mi. "Lọ bá wọn. Sọ fún wọn pé Akínmúrelé ló ní òun ṣìṣe. Dárúkọ mi." A kò ta ìbọn mọ́. Ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ ṣì wà lórúkọ rẹ̀ títí ọdún yóò fi parí, òun á jókòó sórí àga, èmi á máa tún ti àwọn obìnrin náà ṣe.

Mo ti rí méje nínú wọn. Márùn-ún nínú àwọn méje náà fa ọrùn bùbá sílẹ̀ fún mi. Ọ̀kan ti gbé ìbọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ọdún mẹ́fà, ọ̀yà sì ń jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Mẹ́rin ló kù, àwọn yìí ló le. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí ilé ọ̀kan nínú wọn ní Oǹdó. Ọkọ rẹ̀ ló jáde, díákónì ni, irun rẹ̀ ti funfun. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní Bàbá Akínmúrelé ló rán mi nítorí ìbọn Màmá.

"Kò sí ìṣòro kankan. Èjìká ló ń dùn ún nígbà kan, ó sì ti lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè rí Màmá fún ìṣẹ́jú márùn-ún?"

"Ohun tí o bá fẹ́ bi í, bi mí. Èmi ni mo lọ ra ìbọn náà."

Mo gbọ́ ohùn obìnrin nínú ilé tó ní, "Ta nìyẹn?" Díákónì dá a lóhùn pé, "Àwọn oníbọn ni." Mo dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí n sọ, n kò lè sọ ọ́ fún díákónì. Mo dúpẹ́, mo lọ. Inú mi ṣì ń bàjẹ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Bàbá mi ní iṣẹ́ ìjọba kì í lé ènìyàn. Ó ní, "Tí wọ́n bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ni ọmọ mi ń ṣe, kí ni kí n wí?"

"Ẹ ní mò ń wọn ìbọn fún àwọn obìnrin, sà."

"Wọn á dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì mi."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kò kúrò lórí tábìlì. Tí mo bá fẹ́ ilé iṣẹ́ náà, mo gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ìwé àṣẹ lórúkọ ara mi nísinsìnyí, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún. N kò lè ṣe méjèèjì pọ̀.

Nítorí náà, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nídìí iṣẹ́, tí ó bá jẹ́ ọmọ yín ni mí, èwo lẹ ó ní kí n mú? Ẹ̀yin obìnrin tí ọkọ yín ra ìbọn fún, ẹ dákun, ẹ kọ́ mi: tí mo bá tún kan ilẹ̀kùn náà tí díákónì sì jáde, báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí yóò fi yà fún mi, tí màá fi dé ọ̀dọ̀ ìyá tó wà nínú ilé?